Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sọ ọ́: kí ni tíṣà tuntun lè ṣe ní Japan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ALT, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, níléèwé kan ní Saitama. Àwọn ọmọ JSS, bí a ṣe máa pè é nílé, ni mò ń kọ́. Tí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Tíṣà ọmọ Japan tí a jọ ń wọ kíláàsì kì í jẹ́ kí n ṣe ju kí n ka ìwé sókè, kí àwọn ọmọ sì máa tẹ̀ lé mi. Ṣé bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé wọn ni, àbí wọn ò gba tèmi? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin wa. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ohùn yín. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, tó bá dúró níwájú kíláàsì yẹn, pípa lọ́lọ́ náà ni wọ́n á pa fún un. Mo ti bá àwọn tíṣà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Japan, ìbéèrè yìí náà ni gbogbo wọn ń bi mí.

Àwọn ọmọ yẹn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti ọdún 2020 ni Gẹ̀ẹ́sì ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń gba máàkì lé lórí ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti pàdé ọ̀rọ̀ bí 600 sí 700. Ìlànà ìjọba ní kí iléèwé yín tún fi 1,600 sí 1,800 kún un láàárín ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú píríọ́dù 140 lọ́dún. Ẹ rí i pé àkókò ń lé tíṣà yẹn kíkankíkan. Ìdánwò àbáwọlé síníọ̀ tún ń dúró de àwọn ọmọ ọ̀hún, orí bébà ló sì pọ̀ jù sí. Ti yunifásítì náà ò yàtọ̀: ìdánwò àjùmọ̀ṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 fún kíkà ní máàkì 100, ó fún gbígbọ́ ní 100, sísọ ò ní nǹkan kan. Ìjọba fẹ́ fi ìdánwò àwọn àjọ aládàáni mú sísọ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ariwo pọ̀ pé ọmọ abúlé àti ọmọ tálákà ni yóò jìyà rẹ̀. Tokyo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ọmọ JSS ọdún kẹta ní 2022. Èmi gbà pé ohun tó dáa ni, bí àwọn òbí kan tilẹ̀ ń ta kò ó.

Ìtìjú náà wà ńbẹ̀. Nílé wa, ọmọ tó bá mọ ìdáhùn ti ń nawọ́ sókè, "Àǹtí, èmi! Àǹtí, èmi!" Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tẹ́ ẹ bá pè á kọ́kọ́ yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kó tó lanu. Ńṣe ló ń wò ó pé kí òun má ṣì í lójú gbogbo ẹgbẹ́ òun. Ọ̀pọ̀ wa kì í ní sùúrù tó, a ti máa ń pe ẹlòmíràn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ náà tán.

Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ "What did you do last Sunday?" sójú pátákó. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú kan kí kálukú kọ gbólóhùn kan sínú ìwé rẹ̀, kó sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ ẹnìkejì, kí wọ́n tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí láì wo ìwé. Ìgbà náà ni kẹ́ ẹ wá pe ọmọ kan, ẹ má sì bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe; ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ bi í. "Yuki played tennis." Ìròyìn ẹlòmíràn rọrùn láti sọ, àṣìṣe inú rẹ̀ kì í sì í tini lójú bíi tara ẹni. Gírámà ìgbà tó ti kọjá, tí ìdánwò máa bi wọ́n, náà ni wọ́n ń kọ́ yẹn, tíṣà yín á sì rí i pé ẹ ò fi àkókò òun ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti tíṣà náà. Ẹ wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó bínú sí i. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ló gbà yín, tó sì ń fi yín ṣe iṣẹ́ àgbàṣe fún ìlú yẹn, òfin ò fàyè gba tíṣà kíláàsì kó máa pàṣẹ iṣẹ́ fún yín ní tààrà. Àwọn tíṣà mìíràn ń fà sẹ́yìn nítorí ìyẹn. Ẹ má bá a jiyàn níwájú àwọn ọmọ láé. Ẹ lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà, ẹ bi í ní ojú ìwé tí ẹ máa kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì mú eré kan wá fún un lórí gírámà ojú ìwé yẹn, lórí bébà kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni kẹ́ ẹ tọrọ. Tó bá rí i pé ó ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi kún un.

Kíka ìwé sókè tẹ́ ẹ ń ráhùn sí yẹn, ẹ lò ó dáadáa, torí ọmọ Yorùbá ní àǹfààní níbẹ̀. Èdè wọn dà bíi tiwa, kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn láìsí fáwẹ̀lì láàárín. Bí a ṣe sọ bread di búrẹ́dì ni wọ́n sọ strike di sutoraiku. Ẹ ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é: ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n á pa á. Kí ẹ̀yin wá pè é bíi Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọdún kìíní ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìtìjú wọn ò tíì le. Àwọn ọdún kẹta, tí oṣù kìíní bá ti wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbájú mọ́ ìdánwò wọn. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ ṣì máa rí ọjọ́ díẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe àjọyọ̀ ìjáde ní oṣù kẹta.