Iléèwé Wo Ló Ń Lo Owó Rẹ̀ Dáadáa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Iléèwé girama méjì ló wà ládùúgbò wa. Èsì WAEC ti àkọ́kọ́ dára ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó lówó lọ́wọ́, ó sì ní olùkọ́ púpọ̀. Èwo nínú wọn ló ń lo ohun tó ní dáadáa? — Òbí kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé, òbí wa. Èsì ìdánwò nìkan kò tó í fi dájọ́. Ní ọdún 1978, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Charnes, Cooper àti Rhodes, gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Data Envelopment Analysis. Iṣẹ́ lórí àwọn iléèwé ìjọba sì wà lára ohun tó bí i. Ọ̀nà yìí máa ń fi ohun tí iléèwé ń lò, bí olùkọ́, owó àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wé èsì tó ń mú jáde, kò sì ní fi iléèwé wé ohun tí kò sí láyé, bí kò ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe dáadáa jù. Iléèwé tí ẹnikẹ́ni kò lè tayọ rẹ̀ yóò gba 1. Èyí tó bá gba 0.8, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 80 nínú 100 ohun tó ń ná ìbá tó o láti mú èsì kan náà jáde. Nítorí náà, iléèwé kejì yín lè borí.

Ṣùgbọ́n irú ọmọ wo ló wọlé? Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 2024, òṣùwọ̀n iléèwé girama tí wọ́n ń pè ní Progress 8 máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ wé àwọn tí èsì wọn bá tirẹ̀ dọ́gba nígbà tí wọ́n ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí a máa ń gbàgbé jù níbí ni owó lẹ́sìnnì tí òbí ń san: kò sí nínú ìwé ìnáwó iléèwé, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú èsì.