Ológbò mi ń bì lẹ́yìn oúnjẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀. Ológbò méjì ló wà nílé mi, ìyá àti ọmọ, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá ti ń bì, ìṣẹ́jú márùn-ún kì í pé tó bá jẹun tán. Ẹ̀bà àti ẹja á jáde bí wọ́n ṣe wọlé, á sì tún padà máa lá a. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣeré. Ẹnìkan ní kí n fún un ní epo pupa, ẹlòmíràn ní ààbọ̀ hóró parasitámọ́ọ̀. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá Músù

ÌDÁHÙN: Ìyá Músù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Parasitámọ́ọ̀ ń pa ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè yọ oró rẹ̀ kúrò bíi tiwa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣú, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, hóró kan ṣoṣo sì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Epo tí a bá rọ fún un tipátipá lè ṣì ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ó jọ pé ìkánjú ló ń ṣe é. Ẹni tó ń bá ọmọ du àwo kan kì í rún oúnjẹ, ńṣe ló ń gbé e mì. Ẹ wò ó dáadáa bó bá tún ṣẹlẹ̀: bí oúnjẹ bá kàn yọ́ jáde lódindi, tó rí gbọọrọ bí ìka, kò tíì pẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé ìhà rẹ̀ ń fà wọlé fà jáde kó tó bì, tí omi yẹ́lò tẹ̀lé e, inú lọ́hùn-ún ni ìṣòro ti wá.

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ìlẹ̀kùn wà láàárín. Lẹ́yìn èébì, ẹ má fún un lóúnjẹ fún wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí omi díẹ̀díẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ adìẹ tàbí ẹja tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, láìsí iyọ̀, ata, mágì tàbí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, kódà èyí tó ti jinná nínú ọbẹ̀. Ẹ fún un ní ṣíbí ìjẹun kan, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tírè fífẹ̀ kó lè máa ṣà á jẹ. Bó bá dúró, ẹ tún fún un ní òmíràn lẹ́yìn wákàtí méjì. Títí ọjọ́ kẹta, ṣíbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ á tó o. Ẹ má fún un ní ẹ̀bà àti mílíìkì ná. Mílíìkì a máa da inú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà rú.

Iṣẹ́ yín ló jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ẹ la ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ahọ́n: òwú ìránṣọ lè ti há síbẹ̀, kí ìyókù ti wọ ìfun. Bí ẹ bá rí i, ní ẹnu tàbí ní ìdí, ẹ má fà á o, nítorí ó lè gé ìfun. Dókítà ẹranko ni kó yọ ọ́, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ gbé e lọ bákan náà bó bá bì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì rẹ̀, bí èrìgì rẹ̀ bá funfun tàbí ní àwọ̀ yẹ́lò bí àtalẹ̀ pupa, tàbí bí kò bá fẹnu kan oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan. Bí aràn gígùn funfun bá bá èébì jáde, oògùn aràn ológbò ló nílò, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n, kí ẹ tún gùn ún láìgbé e. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni kílò rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya èébì náà kí ẹ tó nù ún, ẹ ó fi han dókítà.