Ẹ má bi bàbá yín léèrè ọdún

Ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń wá ọdún tí wọ́n bí bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n ọn. Ohun tí mo ṣe fún màmá mi nìyẹn. 1950 ni mo kọ sínú ìwé wọn pé wọ́n bí wọn. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé wa wò, akọ̀wé gbé ìwé ọjọ́ìbí ẹ̀gbọ́n mi àgbà tì í: oṣù kẹwàá 1960, oṣù tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ó ní ṣé ọmọ ọdún 10 ni ìyá wa nígbà tí wọ́n bímọ? Màmá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, wọ́n gbọ́ ọ. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí a padà délé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, mi ò bi wọ́n léèrè ọdún mọ́. Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn?" Wọn ò tiẹ̀ ronú. Aláró ni ìyá wọn, ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú aró ni Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn ń bá a ká aṣọ lórí okùn, eyín iwájú àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, àwọn ọmọ agboolé sì ń pe àwọn ní akáyín. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 1947 nìyẹn. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ń ká á tó ọdún mẹ́fà sí méje, à jẹ́ pé nǹkan bí 1940 ni wọ́n bí wọn.

Ọ̀kan ò tó o. Mo tún bi wọ́n nípa ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nígbà tí ọmọ ní láti na ọwọ́ gba orí kan etí kejì kí wọ́n tó gbà á. Màmá ló fa àbúrò wọn lọ́wọ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò kan etí, ni wọ́n bá ní kó padà wá lọ́dún kejì. Màmá ti di ọmọge nígbà yẹn, wọ́n ti ń gbé aṣọ lọ sí Ọjà Ọba.

Fún àwọn tó kéré sí wọn, ẹ lo ìgbà tí mọ́tò bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 1972, tàbí tí pọ́n-ùn di náírà ní 1973.

Ẹ ṣáà bi bàbá bóyá wọ́n ń pọ̀n wọ́n nígbà náà ni, tàbí wọ́n ti ń ru omi. Kí àgbà mìíràn sì wà níbẹ̀. Àbúrò màmá ló rán wọn létí ọ̀rọ̀ etí yẹn.

1940 la kọ sínú ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù. Kí Màmá tó tẹ̀ka, wọ́n ní kí n tún un kà sí àwọn létí.