Òórùn kò sí nínú kóró, inú oje ló wà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o rí àwọn tó ń ta irúgbìn igbó ìbílẹ̀, igbó tí wọ́n ń fà bíi sìgá, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Afghanistan, ti Malawi, ti Thailand, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ọ̀kan ń ta sánsán bíi tùràrí. O ní ilẹ̀ bàbá rẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá o lè gbìn ín kó o fi oje rẹ̀ ṣe lọ́fíńdà. (Àwọn tó sọ ìlú yẹn lórúkọ, igbó tí ọdẹ ń wọ̀ ni wọ́n ń wí o.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó le. Òfin ilẹ̀ wa ti de igbó láti 1966, wọ́n sì dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989. Ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ni ti ẹni tó bá gbìn ín, kò sì sí adájọ́ tó máa bi ọ́ bóyá o fẹ́ mu ún ni àbí o fẹ́ fi para. Mi ò ní tún sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ òórùn ló kàn mí. Ó ti tó ọdún 16 tí mo ti ń ta tùràrí àti òróró olóòórùn dídùn ní Òkè-Àje, Ìjẹ̀bú-Òde níbí, gbogbo àṣìṣe tó o fẹ́ lọ ṣe yìí ni mo ti fi owó ara mi ṣe tán.

Irúgbìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́fíńdà tí à ń pè yìí, òdòdó kan tí òyìnbó ń pè ní lavender la ti mú orúkọ rẹ̀. Mo ní ṣebí bí mo bá ti ní irúgbìn rẹ̀, mo ti ní lọ́fíńdà nìyẹn. Mo ra pákéètì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbìn ín sínú ike lẹ́yìnkùlé. Mẹ́sàn-án péré ló hù. Mò ń bomi rin ín bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ìkókó. Òjò oṣù kẹfà dé, ìdí wọn dúdú, ó ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn fi jẹrà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ewéko orí òkè olókùúta ni, ní etí Òkun Mẹditaréníà, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ìjẹ̀bú tí ara ògiri ń hu ewédò, kí ni yóò wá ṣe níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́, jẹ́ kí n fi gàrí bá ọ sọ ọ́. Kí ló mú gàrí wa kan tó báyẹn? Bí ẹnì kan bá gé igi ẹ̀gẹ́ lóko bàbá rẹ, tó gbé e lọ gbìn sí Kánò, ṣé gàrí Ìjẹ̀bú ló máa rí níbẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin fi ń kan nínú àpò ló ń ṣe é, àti ọwọ́ ẹni tó ń yan án. Ẹ̀gẹ́ ní ipa tirẹ̀, mi ò ní kò ní, àmọ́ ẹni tó ra igi ẹ̀gẹ́ kò tíì ra gàrí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó. Òórùn rẹ̀ wà nínú oje tó ń jáde lára irun wínníwínní tó bo òdòdó èyí tó jẹ́ abo. Kóró fúnra rẹ̀ kò ní oje yẹn. Irúgbìn ìbílẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé àtíkè akọ rẹ̀ kiri oko láti ayébáyé sì nìyí, ọmọ ìyá ni àwọn kóró inú pákéètì kan, wọn kì í ṣe ìbejì. O lè gbin mẹ́wàá kí òórùn wọn jẹ́ oríṣi mẹ́wàá. Ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ó ń ta bíi tùràrí, ọ̀kan tó ti gbóòórùn rí ló ń sọ, kì í ṣe èyí tó máa fi ránṣẹ́ sí ọ.

Kó o sì wò ó o, nǹkan tó ń mú kí àwọn kan nínú wọn jọ tùràrí, wọ́n ń pè é ní pinene, ó wà nínú tùràrí gan-an. Caryophyllene tó ń mú kí òórùn àwọn mìíràn ta nímú bí ata, ó wà nínú iyèré tí ìyá rẹ ń fi se ọbẹ̀. Limonene wà lára èèpo ọsàn. Bó bá jẹ́ torí pé ó jọ tùràrí lo ṣe fẹ́ ẹ, kí ló dé tó ò ra tùràrí?

Àwọn ará ijọ́un pàápàá mọ ìyàtọ̀. Ní Tel Arad, ní gúúsù Ísírẹ́lì, pẹpẹ méjì kan wà nínú ojúbọ tó ti lé ní ọdún 2,600. Ní 2020, àwọn onímọ̀ jáde wí pé àwọn ti yẹ èérú orí wọn wò: tùràrí tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá ẹran wà lórí èyí tó tóbi, igbó tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ ẹran wà lórí èyí tó kéré. Ọ̀tọ̀ ni ti ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ ọ́ nípa àwọn ará Skítíà, àwọn darandaran tó ń gun ẹṣin kiri nígbà náà, pé wọ́n máa ń da kóró igbó sórí òkúta gbígbóná nínú àgọ́, kí wọ́n máa ké fún ayọ̀. (Èrò tèmi ni pé òdòdó tó gbé kóró dání ni, kóró lásán kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.) Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wọn, ó ní igi kédárì, igi sípírẹ́sì àti igi tùràrí ni wọ́n ń lọ̀ pẹ̀lú omi lórí òkúta, tí wọ́n fi ń kun ara àti ojú. Bí wọ́n bá ṣí i kúrò lọ́jọ́ kejì, ara wọn á máa dán, á sì máa ta sánsán. Àwọn tó ní igbó nílé náà nìyẹn o, igi olóje ni wọ́n fi ń ṣe ara lóge.

Tùràrí náà ní ewu tirẹ̀, torí náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà kan mo ra àpò kìlógíráàmù 25 lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ₦180,000, mo ní mo rí ọjà ọ̀pọ̀. Ó mọ́, ó ń dán bíi gíláàsì, ó pupa bí oyin. Mo gbé lára rẹ̀ fún ìjọ aláṣọ funfun kan tó jẹ́ oníbàárà mi. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an ni wọ́n pè mí. Èéfín dúdú ló ń yọ nínú àwo tùràrí, èédú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun, àwọn ọmọdé ń wúkọ́. Mo gba ọjà mi padà, mo jókòó ti àpò náà, mi ò lè jẹun. Ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ ọ̀ọ́kán mi ló rìn wọlé, ó mú èkúfọ́ kan, ó fi irin tó fi ń jó wáyà kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, nǹkan tí a fi ń jó wáyà nìyí o." Oje igi páìnì! Èyí tó pọ̀ jù nínú àpò ni, tùràrí díẹ̀ ni wọ́n wọ́n sójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sanwó kí n má kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ojúlówó tùràrí, bó o bá rún un lẹ́nu, á kọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà á kó ara rẹ̀ jọ, á funfun, á máa fà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Oje páìnì á di ìyẹ̀fun kíkorò tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Lọ èyí tó kù, dà á sínú omi: ti tùràrí á funfun bí omi ògì, torí pé apá kan nínú rẹ̀ máa ń pò mọ́ omi. Ti páìnì á kàn lọ jókòó sísàlẹ̀. Bó o bá sì sọ ọ́ sórí ẹyin iná, èéfín funfun ni ti tùràrí. Àwọn oníjìbìtì kò sì ní yéé ṣe é, torí ọjà gidi ń dínkù. Ní Ethiopia, wọ́n ń sá igi tí oje rẹ̀ ń di tùràrí ní ọgbẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, màlúù ń jẹ ọmọ igi, iná ń jó o. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ pé láàárín ogún ọdún, tùràrí tí wọ́n ń rí kó lè dín sí ìdajì.

Ní ti lọ́fíńdà ṣíṣe, ògógóró ni mo kọ́kọ́ fi rẹ oje, bí omi ṣe pọ̀ nínú rẹ̀, ó dàrú, ó lẹ̀, mo dà á nù. Ọtí tó lé ní 95% ló ń yọ òórùn jáde lára tùràrí. Lọ̀ ọ́, rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, máa mì ín, kó o fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Má gbé e súnmọ́ iná, má sì lo ọtí tí wọ́n fi ń tan sítóòfù sí ara ẹnikẹ́ni.

Òjíá ni mò ń gbìyànjú lọ́wọ́ báyìí. Èyí tí Bíbélì wa kọ mọ́ wúrà àti tùràrí, oje igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ní ìhà Somalia àti Ethiopia. Àmọ́ orúkọ yẹn, igi ńlá inú igbó tiwa náà ń jẹ́ ẹ, Daniellia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ó sì ní oje tirẹ̀. Ọdẹ kan ló bu díẹ̀ wá fún mi. Mo fi pa ọwọ́ oníbàárà mi kan tó wá ra lọ́fíńdà tó máa fi sí aṣọ Òjúde Ọba rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó gbé ọwọ́ sí imú, ó rò ó títí, ó ní ó dà bíi pé òun wà ní ìsọ̀ káfíńtà. Mo ti tún fi èèpo ọsàn kún un.