Ẹ̀yìn Arsenal kò bàjẹ́, ẹni méjì ló gbé e dúró

Ẹ̀yin ará Arsenal, kí sáà 2025/26 tó bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí sáà 2024/25 ti parí la ti ń fa ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn difẹ́ńdà wa, mọ́ra wa lọ́wọ́. Àwọn kan ní ẹ̀yìn ló ń kó wa sí wàhálà, pé bí a kò bá ra difẹ́ńdà ńlá kan, ipò kejì la ó tún wà lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn yòókù ní ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, sítráíkà la ò ní, Gyökeres, sítráíkà tuntun tí a rà, sì ti dé báyìí, kí a lọ máa múra ijó sílẹ̀. Mo gbá àárín ẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún nílùú Ìbàdàn, ní kíláàbù kékeré kan tó ń gbá nínú líìgì ìpínlẹ̀, títí orúnkún ọ̀tún mi fi kọ̀ jálẹ̀. Nínú pápá yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó sì ná mi ní orúnkún: ẹni méjì tó mọ ara wọn dunjú ní àárín ẹ̀yìn, Saliba àti Gabriel, ló gbé ẹ̀yìn wa dúró.

Kí a kọ́kọ́ gbé ìṣirò kalẹ̀. Ní sáà 2023/24, gólì 29 ló wọ àwọ̀n wa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Kò sí kíláàbù mìíràn ní Premier League tí tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ní 2024/25, 34 ló wọlé, tiwa náà ló tún kéré jù. Liverpool tó gba ife, 41 ló wọ àwọ̀n tiwọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn wa kò dára, èwo ló wá fẹ́ kí a pè ní dáadáa? Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì ìwé náà. A gbá 91 wọlé ní 2023/24, ó wá di 69 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gólì 22 ló dín. A ta ọ̀mì 14. Pọ́ìntì 89 wálẹ̀ di 74.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Àwọn àgbà láàárín wa á rántí sáà 1998/99: Seaman nínú ilé, Dixon lápá kan, Winterburn lápá kejì, Adams, Keown àti Bould láàárín. Gólì 17 péré ló wọlé ní gbogbo sáà yẹn. Ti Manchester United jẹ́ 37, wọ́n sì fi pọ́ìntì kan ṣoṣo gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, 79 sí 78, nítorí wọ́n gbá 80 wọlé nígbà tí àwa gbá 59. Gólì Hasselbaink kan ni Leeds fi nà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìyẹn, 1990/91, gólì 18 wọ àwọ̀n ẹgbẹ́ George Graham, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì fìdí rẹmi, wọ́n gba ife. Iye tó wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, èrè rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Nítorí náà mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe sítráíkà. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé wọ́n rò pé iwájú jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yìn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìtó gólì níwájú ṣe ń pa ẹni tó wà lẹ́yìn lára. Bí ẹ bá ti ní gólì mẹ́ta sí òdo, ẹ̀yin difẹ́ńdà á máa sún síwájú láìbẹ̀rù, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlà àárín pápá, alátakò kì í tíì gba bọ́ọ̀lù tán tí ẹ ó ti wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1-0 ni, tó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kóòṣì kò ní kí ẹ fà sẹ́yìn, ó tilẹ̀ ń pariwo pé kí ẹ jáde, ṣùgbọ́n ọkàn ló ń fa ẹsẹ̀. Ẹ fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó wà láàárín pápá kò mọ̀, àlàfo ti ṣí. Inú àlàfo yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù tí ẹ bá fi orí gbá jáde máa bọ́ sí, ẹsẹ̀ alátakò ló sì máa bá níbẹ̀. Ẹ gbá a jáde, ó padà. Ẹ tún gbá a jáde, ó tún padà. Ẹ kò ní lè mí títí rẹfirí á fi fun fèrè.

Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kóòṣì kò lè yọ ẹnikẹ́ni jáde kó sinmi. Ta ló fẹ́ yọ Saliba nígbà tí a fi gólì kan síwájú? Saliba gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38 ní 2023/24, àwa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tán, torí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ́ bí a ṣe ń dúró ti Gabriel.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì mi ní àárín ẹ̀yìn jẹ́ ọmọkùnrin kan tí kò ga, tí kì í sì í sáré púpọ̀. Òun wà lápá òsì, èmi wà lápá ọ̀tún. A ti jọ gbá pọ̀ débi pé a kì í bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Bí èmi bá jáde lọ pàdé sítráíkà, òun á ti balẹ̀ sẹ́yìn mi. Bí òun bá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, mo mọ̀ pé ofsáìdì ló ń wá, èmi náà á bọ́ síwájú. Bí sáà ṣe ń lọ sí ìdajì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, sáà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ga jù ú lọ, ó yára jù ú lọ, ó lágbára jù ú lọ. Bí ẹ bá rí àwọn méjèèjì níbi ìdánrawò, tuntun yìí lẹ máa mú. Síbẹ̀ gólì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, irú kan náà nígbà gbogbo: bọ́ọ̀lù gígùn tí wọ́n sọ sókè gba orí wa kọjá. Mo ti bọ́ síwájú, òun ṣì dúró sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, sítráíkà kò sí ní ofsáìdì, ó sì ti lọ nìyẹn. Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan tí ẹnì kan lè fi ìka tọ́ka sí. Kò kàn tíì mọ̀ mí ni. Ìmọ̀ yẹn kò sí ní ọjà, pápá nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó sì máa ń gba oṣù.

Ẹ fi ojú yẹn wo sáà 2022/23, tó ṣì ń dùn mí títí dòní. Orí àtẹ la wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú sáà náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, 2023, a gbá Sporting nílé nínú Europa League. Tomiyasu fara pa, Saliba náà fara pa, àwọn méjèèjì jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, kò sì sí èyí tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà yẹn nínú wọn. Holding wọlé. A nà Crystal Palace àti Leeds 4-1 léraléra, gbogbo wa ní kò séwu. Lẹ́yìn náà a fi gólì méjì síwájú ní Anfield, pápá Liverpool, ó di 2-2. A fi gólì méjì síwájú lọ́dọ̀ West Ham, 2-2. Southampton tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, 3-3 nílé wa. Manchester City wá nà wá 4-1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú Holding, inú sì bí mi sí ìyẹn, nítorí ọkùnrin tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì fún gbogbo sáà ni wọ́n gbé dìde ní ìparí ìdíje, tí wọ́n ní kó di Saliba lọ́sẹ̀ kan. Gabriel fúnra rẹ̀ kò rí bí ó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń wo Holding nìkan kò rí ìyẹn.

Ní oṣù Kìíní, 2025, ó tún ṣẹlẹ̀ nílé wa. A fi 2-0 síwájú Aston Villa, Saliba kò sí ní pápá lọ́jọ́ náà, Timber ló dúró ní àárín, Partey lápá ọ̀tún. 2-2 ló parí sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, iṣan itan Gabriel já sí i lára nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Fulham, sáà rẹ̀ parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka díẹ̀ nínú àwọn èsì líìgì: Everton 1-1, Brentford 1-1, Palace 2-2, Bournemouth wá nà wá 2-1 nílé wa.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Kiwior, ẹni tó rọ́pò Gabriel, ló wà níbẹ̀ nígbà tí a nà Real Madrid 3-0 ní Emirates, pápá wa, tí a sì lọ nà wọ́n 2-1 ní Bernabéu, tí Bùkáyọ̀ Saka wa gbá bọ́ọ̀lù wọlé níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó gbá dáadáa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ tún wo bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe gbá lálẹ́ méjèèjì yẹn: Rice, Ødegaard, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ń sá padà bí ẹni pé ilé ń jó. Ẹnikẹ́ni kò lè gbá bẹ́ẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kó tún gbá bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú. PSG dé ní ìpele tó tẹ̀ lé e nínú Champions League, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, Dembélé ti gbá a wọlé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Kiwior tí wọ́n ní kí a tà yìí, èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbá ẹ̀yìn rí lè rò pé ohun kékeré ni. Bí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún bá dúró lápá òsì, tí kípà fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, ó ní láti kọ́kọ́ yí ara kí ó tó lè gbá a síta lọ fún ẹni tó wà létí pápá. Yíyí ara yẹn kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni sítráíkà ń dúró dè. Ó ti dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù á wá padà sọ́dọ̀ Raya, kípà wa, Raya á sọ ọ́ sókè, a ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Gabriel ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni. Bí a bá ta Kiwior, Calafiori nìkan ló kù nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ òsì tó lè dúró ní àárín, ara rẹ̀ kò sì le dáadáa láti ìgbà tó ti Bologna dé. Bó bá jẹ́ dandan kí a tà á, kí ẹlẹ́sẹ̀ òsì mìíràn kọ́kọ́ wọlé kí ó tó jáde.

Mosquera tí a rà ní Valencia, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọdún 21 ni, ó tutù, ó sì ti gbá líìgì Sípéènì dáadáa. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni, Saliba ló wà fún. Ohun tí mo ń bẹ Arteta, kóòṣì wa, ni pé kó má fi pamọ́ títí Saliba á fi fara pa. Kí ó gbá Leeds nílé. Kí ó gbá Carabao Cup. Kí wọ́n fi í ti Gabriel lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà, kí wọ́n tún fi í ti Saliba náà, kí gólì díẹ̀ wọlé mọ́ òun àti àwọn méjèèjì lórí, kí wọ́n sì jọ mọ ìdí tó fi wọlé. White ti padà, ọmọ wa Lewis-Skelly ti fi hàn pé òun kì í ṣe ọmọdé, Timber náà wà. Àwọn ẹ̀gbẹ́ kò já mi láyà.

Ọ̀rọ̀ káàdì pupa ti sáà 2024/25, ẹ̀yin náà rí i: Rice sí Brighton, Trossard sí City, Saliba sí Bournemouth. Pọ́ìntì méje ló lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta yẹn. Àwọn kan nínú ìpinnu rẹfirí wọ̀nyẹn bí mi nínú, ṣùgbọ́n bíbínú kò dá pọ́ìntì padà, gbígbá bọ́ọ̀lù lọ lẹ́yìn fèrè sì jẹ́ ohun tí àgbàlagbà agbábọ́ọ̀lù lè fi sílẹ̀.

Ṣé a máa gba ife ní 2025/26? Mo gbà pé a lè gbà á, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Gyökeres gbá 39 wọlé fún Sporting nínú líìgì Portugal ní sáà 2024/25. Kí ó mú ìdajì ìyẹn wá síbí, 1-0 wa á máa di 2-0 kí ìṣẹ́jú àádọ́rin tó pé, Saliba àti Gabriel á lè máa jókòó sinmi nígbà mìíràn. Zubimendi, agbábọ́ọ̀lù àárín pápá wa tuntun, á dúró sí inú àlàfo tí mo sọ yẹn, torí ó mọ bí a ṣe ń wà níbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù. Ìbẹ̀rẹ̀ wa le: Manchester United ní Old Trafford ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, Leeds nílé, Anfield ní ọjọ́ 31, City nílé nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn náà Newcastle lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má fi èsì Old Trafford ṣe ìpinnu. Ti Anfield ni kí ẹ jókòó wò dáadáa. Bí a bá ti ní gólì níbẹ̀, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo ìlà ẹ̀yìn wa láti ìṣẹ́jú àádọ́rin lọ, bóyá ó ṣì wà nítòsí àárín pápá àbí ó ti ń sún lọ bá Raya. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí Arteta bá pè dìde lórí bẹ́ńṣì.