Àbẹ̀kẹ́ kò ṣàìsàn: ẹ da omi kápúsù yẹn nù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Kubwa ní Abuja là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, ní adìẹ ìbílẹ̀ kan tó ń pè ní Àbẹ̀kẹ́. Òun ló tọ́ ọ láti òròmọdìẹ. Bó bá ti ilé ìwé dé, adìẹ náà á sáré lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ti tó ọjọ́ 4 tí Àbẹ̀kẹ́ ti lọ ká mọ́ inú páálí kan lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Kò yé mọ́, kò fẹ́ẹ́ jẹun, ìyẹ́ àyà rẹ̀ ń já, abẹ́ ikùn rẹ̀ gbóná, ó sì ṣá ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ ń sunkún pé adìẹ òun ti kórìíra òun. Aládùúgbò wa ní kí n tú kápúsù tẹ́trà 2 sínú omi rẹ̀, mo sì ti ṣe é. Ṣé 2 tó, àbí kí n fi ampiclox kún un? Ọkọ mi ní ká pa á kó tó kú, ká sọ fún ọmọ pé ó sá lọ.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Mi ò ní sọ bóyá 2 tó tàbí kò tó, torí pé bí gbogbo ohun tí ẹ rí bá nìyí, kò sí àìsàn níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ń sàba.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Sàba lórí kí ni? A ti kó ẹyin rẹ̀ jẹ tán, kò sí àkùkọ nínú ọgbà." Adìẹ kì í dúró de àkùkọ kó tó sàba. Bí àkókò bá tó, omi ara kan tó ń jẹ́ prolactin á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á dá ẹyin yíyé dúró, á sì mú un jókòó. Mo ti rí èyí tó sàba lórí bọ́ọ̀lù ọmọdé. Ìyẹ́ àyà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fà á tu, kí awọ rẹ̀ tó gbóná lè kan ẹyin. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa: bí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni yóò dìde, á jẹ, á mu, á su ìgbẹ́ ńlá kan tó ń rùn, á sì padà síbi tó wà. Ìyá àgbà yín nílé kò ní bi dókítà kankan léèrè kó tó mọ̀ ọ́n. Adìẹ àgíríìkì ló ti mọ́ àwa ará Abuja lójú, ní ti àwọn yẹn, wọ́n ti ṣa irú wọn títí tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi mọ sísàba mọ́, kí wọ́n lè máa yé ṣáá. Ìbílẹ̀ kò gbàgbé tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kápúsù ló ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnìkan má bi mí. Nígbà ọyẹ́ kan, bàbá kan gbé bàsíà wá bá mi ní Gwagwalada. Adìẹ 3 ló wà nínú rẹ̀. 2 ti kú, ìkẹta yí ọrùn sẹ́yìn títí orí rẹ̀ fi kan ẹ̀yìn, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó gbé ike omi wọn dání, èèpo kápúsù pupa àti yẹ́lò ń léfòó lórí rẹ̀. "Dókítà, 6 ni mo fún wọn." Lùkúlùkú ni, èyí tí àwa oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953, a ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní bàbá yẹn fún wọn ní 60, bákan náà ni yóò rí.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bakitéríà ni tẹ́trà ń bá jà. Ó ń dí i lọ́wọ́ kó má lè ṣe purotéènì tó fi ń dàgbà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lùkúlùkú, fáírọ́ọ̀sì kò sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe purotéènì rárá. Inú ara adìẹ ló ń wọ̀ lọ, ti adìẹ ló ń lò. Kò sí ohun tí tẹ́trà máa dì mú lára rẹ̀. Ampiclox náà ńkọ́? Bakitéríà kan náà ni òun náà ń bá jà. Ẹni tó bá ní "tèmi lò ó, ó yè", bóyá tirẹ̀ kì í ṣe lùkúlùkú, bóyá ó wà lára ìwọ̀nba tó máa ń yè fúnra wọn.

Ẹ má sì sọ pé bí kò bá ṣoore, kò ní ṣe ibi. Ó ń ṣe é. Adìẹ tí ara rẹ̀ kò yá kì í mu omi tó, ta ló wá mọ ìwọ̀n tó wọ inú rẹ̀? Oòrùn ń ba tẹ́trà jẹ́ nínú omi. Èyí tó mu ń wọ inú ẹyin. Lára páálí oògùn ẹran, wọ́n máa ń kọ iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi yẹra fún ẹyin àti ẹran. Kò sí irú rẹ̀ lára oògùn ènìyàn. Paríparí rẹ̀, àwọn bakitéríà tí oògùn díẹ̀díẹ̀ yẹn kò pa á di ẹni tó mọ ọ̀nà à ti yẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lè ti ara adìẹ bọ́ sí ara ọmọ tó ń gbé e mọ́ra lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá wá nílò oògùn lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ da omi yẹn nù nísinsìnyí, ẹ fi ọṣẹ fọ ike rẹ̀. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí yé, ẹ bi dókítà kí ẹ tó jẹ ẹyin rẹ̀.

Ohun tó ń dá lùkúlùkú dúró ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kán kan lójú ni wọ́n máa ń ṣe é. Ilé ìwádìí ìjọba ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924, ń ṣe èyí tó ń jẹ́ I-2, ó sì ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìgò kan máa ń pọ̀ ju adìẹ ilé kan lọ, ẹ para pọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò tó fún yín ní kápúsù yẹn. Bí àìsàn bá ti wọlé, ó ti pẹ́ jù.

Mi ò fojú rí Àbẹ̀kẹ́ o. Bó bá ń la ẹnu mí, bí ojú rẹ̀ bá wú, bí ọrùn bá wọ́, bí ìgbẹ́ bá di aláwọ̀ ewé, tàbí tí kò dìde rárá láàárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má pa á jẹ, ẹ má tà á lọ́jà. Ní Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 ní gbogbo Áfíríkà, ní 2006, a kì í fi irú rẹ̀ ṣeré.

Ó wá ku ọmọ. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀, kó má pa adìẹ tí ara rẹ̀ le, kó má sì parọ́ fún ọmọ ọdún 8. Yóò máa wá a kiri Kubwa. Ẹ sọ òótọ́ fún un: Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n, ó mọ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ó gbà pé òun ní ọmọ tí òun ń dáàbò bò. Ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni yóò ṣá. Kó gbé oúnjẹ àti omi sítòsí, kó jókòó jìnnà díẹ̀, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Kó má fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kí adìẹ má sùn ní yàrá, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ nígbàkúùgbà tó bá ti fọwọ́ kàn án, torí Salmonella, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lè wà lára adìẹ tí ohunkóhun kò ṣe. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, kó má tilẹ̀ gbé adìẹ rárá.

Bí ẹ kò bá fẹ́ òròmọdìẹ, ẹ gbé e sínú àgò tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ fún bí ọjọ́ 3 sí 5, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, yóò gbàgbé. Ẹ má rì í sómi tútù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹ́ gún un nímú.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tèmi, ẹyin 8 ni n ó wá lọ́dọ̀ ẹni tó ní àkùkọ, n ó rọra tì í sábẹ́ rẹ̀ lóru, n ó sì fún ọmọ ní kàlẹ́ńdà kó máa ka ọjọ́ 21. Ní ọjọ́ 7, ẹ mú ẹyin kan wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí ọmọ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀: yóò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó nà káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ní ọjọ́ 20, ẹ jẹ́ kó gbé etí sún mọ́ ìtẹ́ náà, á gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké nínú èèpo. Kó má bá wọn fọ́ ọ.