Ṣé ajá Boerboel dára fún ṣíṣọ́ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ó dára, bí ẹ bá lágbára àtibọ́ ọ. Gúúsù Áfíríkà ni Boerboel ti wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń fi í ṣọ́ oko. Irun rẹ̀ kúrú, nítorí náà ooru wa kì í ni í lára tó Caucasian onírun kíki, tó jẹ́ ajá òkè olótùútù. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ní ibòji àti omi tútù. Akọ tó dàgbà lè wọ̀n ju 60 kílò lọ, ẹ yáa mọ ògiri yín ga.

Ó fẹ́ràn ará ilé, ó sì máa ń fura sí àlejò. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Láti kékeré ni kí ẹ ti jẹ́ kó mọ èrò, ọ̀kadà àti ọmọdé. Àwọn kan á so ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kó lè rorò. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ló ń bu ọmọ onílé jẹ.

Ẹ̀bà nìkan kò tó o, ì báà jẹ́ gaàrí Ìjẹ̀bú tiwa. Ẹ fi ẹja, ẹyin tàbí ẹran kún un, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní egungun adìyẹ sísè.

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà parvo (àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá) máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, láti oṣù 3. Lásìkò òjò, ẹ máa wo etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ fún eégbọn.